Ọkàn Mi Dúró ní Iyaro, Èdè Yorùbá Ni Mo Fi Jí

Mo wà láàyè o! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí àwọn kan nínú yín kò lè ní sùúrù dé ìparí ìtàn. Ẹ̀yin tí èèyàn yín wà ní ilé ìwòsàn báyìí ni mò ń bá wí, ẹ̀yin tí dókítà sọ fún pé ọkàn rẹ̀ dúró, wọ́n ti mú un sọjí, àmọ́ kò tíì lajú. Ọkàn tèmi náà dúró. Mi ò mí mọ́. Lónìí, mo ti jẹ iyán, mo ti rán aṣọ, mo ti bá ọkọ mi jiyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan, mo sì jókòó láti kọ èyí fún yín.

Mọrẹ́nikẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ Ìkìrun ni mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Benin. Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Iyaro. Ọkọ mi, Bàbá Ìbùkún, ń jó irin, géètì àti fèrèsé ló ń ṣe. Oregbeni ni ilé wa wà. Ìbùkún nìkan ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá ní yunifásítì ní Ekiadolor. Benin ni wọ́n bí i sí, Benin ló dàgbà sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Bí mo bá ní, "Ìbùkún, bá mi gbé omi wá," ohun tí màá gbọ́ ni, "Mummy, I dey come." Bí a ṣe ń gbé e nìyẹn láti kékeré rẹ̀, kò sì dùn mí rárá. Ó ṣáà ń gbé omi náà wá.

Ẹsẹ̀ wíwú ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Bí àwọn ilé ìwé bá fẹ́ wọlé, mo lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹsẹ̀ mi wú, mo lọ sí kẹ́míìsì, mo ra oògùn tí ń mú èèyàn tọ̀ léraléra. Kò sí ẹni tó yẹ̀ mí wò. Ẹsẹ̀ náà fọn, inú mi dùn, mo bá ń lò ó lọ. Kò pẹ́ sí i ni oníbàárà mi kan tún mú tíì kan wá, ó ní ó ń fọ inú, ó sì ń dín ikùn kù. Lóòótọ́ ló fọ̀ mí nínú! Mò ń tọ̀, mò ń yàgbẹ́, aṣọ mi ń ṣò, mo rò pé mo ti ń rẹwà sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣan ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí. Ọwọ́ mi kì í lágbára láti di sísọ́ọ̀sì mú. Nígbà míì, àyà mi á kàn ṣàdédé máa lù kìkìkì, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, ojú mi ṣókùnkùn nídìí ẹ̀rọ, mo sì di tábìlì mú títí ó fi kọjá. Bàbá Ìbùkún ní kí a lọ sí ọsibítù. Mo ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé kọ́kọ́ wọlé ná. Ẹ jọ̀ọ́, bí àyà yín bá ń ṣe báyìí, tí ojú yín sì ń ṣókùnkùn, ẹ má dúró de ìwọlé ilé ìwé kankan.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ìbùkún wá sílé fún òpin ọ̀sẹ̀, ó ń bá mi gán bọ́tìnnì. Mo dìde láti fi yúnífọ́ọ̀mù kan kọ́. Ibẹ̀ ni ìrántí mi pin sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu àwọn èèyàn ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti bi wọ́n títí ó fi sú wọn.

Wọ́n ní mo ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lọ́wọ́. Mama Osaze, tó ń ta ọjà páálí àti agolo ní ṣọ́ọ̀bù kejì, sáré wọlé. Ó gbọ́ tí mo ń fi ọ̀fun ṣe kùn-ùn, kùn-ùn. Ó ní, "She dey snore! She just faint. Bring water!" Ẹnì kan ti gbé omi dé, ẹnì kan ń wá síbí tí wọ́n fẹ́ kì bọ̀ mí lẹ́nu.

Ìbùkún pariwo pé, "No be snore! My mama no dey breathe!"

Òtítọ́ ló sọ. Ohùn yẹn kì í ṣe ìmí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oorun. Bó ṣe ń rí nìyẹn nígbà tí ọkàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ó sì ti tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n ti kọ́ Ìbùkún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì pé bí wọ́n bá pe èèyàn tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí wọ́n tẹ àyà rẹ̀ láàárín gangan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jìn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kíákíá, kí wọ́n má sì dáwọ́ dúró. Ọmọ mi kúnlẹ̀ sáàárín àwọn bọ́tìnnì tó fọ́n ká, ó gbé ọwọ́ lérí ọwọ́, ó ń tẹ̀ mí láyà. Ó ń kà, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé kí wọ́n wá mọ́tò.

Ọkùnrin tó ń ṣe táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé wa. Wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀ bọ́ọ̀sì, Ìbùkún sì ń bá a lọ lórí ìrìn. Nígbà tí apá rẹ̀ kò gbé e mọ́, ojú ẹsẹ̀ ló kọ́ Mama Osaze bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyẹn náà gbà á, ó ń tẹ̀, ó ń képe Jésù. Ẹ wo ìfẹ́! Obìnrin tí mo bá ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí omi ìdọ̀tí ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.

Ní ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ oníná ta àyà mi. Kò jí. Wọ́n tún ta á. Ọkàn mi dáhùn! Ìbùkún ní nígbà tí ẹnì kan sọ pé, "We have a pulse," òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀.

Bàbá Ìbùkún dé pẹ̀lú awò tó fi ń jó irin lórí iwájú orí rẹ̀. Kò rántí yọ ọ́. Dókítà wa, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, sọ fún un pé ọkàn ti padà, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò rí atẹ́gùn fún ìgbà díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ bí mo ṣe máa rí bí mo bá jí. Ó ní a máa dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró lọ́wọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó.

Wọ́n fún mi ní oògùn oorun. Rọ́bà wà ní ọ̀fun mi, ẹ̀rọ ló ń bá mi mí. Aṣọ tín-ínrín kan ṣoṣo ló wà lára mi, fáànù ń fẹ́ sí mi, wọ́n sì ń yẹ ara mi wò bóyá ó ń gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀, gbéra láti Ìkìrun. Bó ṣe wọlé tó fọwọ́ kàn mí, igbe ló fi bọnu.

"Ẹ ti fẹ́ fi òtútù pa á! Ara rẹ̀ tutù! Ìbora dà?"

Ọkọ mi ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ní ooru ló máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ sí i. Wọn ò fẹ́ kí ibà wọlé sí i rárá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọdé yẹn?"

"Dókítà ni, Àǹtí."

Ní ọjọ́ kejì, apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gìrì ni. Dókítà fi oògùn dá a dúró, ó sì ṣàlàyé pé ọpọlọ tó fara pa lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi kò gbà. Ó ní ọwọ́ ayé ni. Ó ti gbé ìgò àgbo kan wá nínú báàgì, ó fẹ́ kí nọ́ọ̀sì dà á gba inú rọ́bà oúnjẹ. Ọkùnrin aládùúrà kan láti ilé ìjọsìn tí a ń lọ náà dé, ó ní kí wọ́n tú gbogbo rọ́bà kúrò lára mi kí wọ́n gbé mi lọ sórí òkè àdúrà. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń pe ọkọ mi lórí fóònù láti Ìkìrun, láti Òṣogbo, kálukú pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀. Tí kò bá sí lórí ìlà ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, á wà lórí ìlà ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, á máa fi èjìká gbé fóònù, á máa ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun, mà. Mo gbọ́." Owó sì ń jáde lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Oregbeni ló gbá a mú kó má baà ṣubú.

Èyí tó ṣe tí mi ò lè gbàgbé láé ni pé ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n mi lójú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Àǹtí, mo bẹ̀ yín. Àdúrà, ẹ gbà á níbí, mi ò ní dá yín dúró. Ṣùgbọ́n ohunkóhun kò gbọdọ̀ gba ẹnu rẹ̀ wọlé bí kò ṣe ohun tí àwọn wọ̀nyí bá fún un. Ẹ bá mi pè é dípò ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n pè."

Àǹtí mi gbé ìgò náà padà sínú báàgì. Láti ọjọ́ náà, nígbàkigbà tí wọ́n bá gbà á láàyè, á bẹnu mọ́ mi létí, á máa pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, á máa sọ ìtàn ilé wa ní Ìkìrun, bí a ṣe máa ń jí ẹ̀pà ìyá wa jẹ, bí mo ṣe já sínú kòtò amọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bó ṣe máa fi omi tó mọ́ nu ètè mi, bí wọ́n ṣe ń yí mi padà kí ara mi má baà dá egbò. Ọwọ́ tó fẹ́ da àgbo sí mi lọ́fun ló wá ń fi ìpara pa mí lẹ́sẹ̀.

Wọ́n dá oògùn oorun dúró. Mi ò jí. Ilẹ̀ mọ́, mi ò jí. Nígbà tó yá, mo lajú, ṣùgbọ́n mi ò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n yọ rọ́bà ọ̀fun, mo ń mí fúnra mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wàhálà míì tún dé!

Ibi tí ìrántí tèmi ti padà nìyí. Mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni, Pidgin ni, gbogbo èyí tí mo ti fi ṣòwò láti ọdún pípẹ́ wá, ó ti lọ pátápátá. Mo dá a lóhùn ní èdè tó kù sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín? Àyà ń dùn mí." Ó wo ojú mi, ó wo nọ́ọ̀sì kejì, ó mi orí. Ọmọ Edo ni àwọn méjèèjì. Ọ̀fun mi sì ti há nítorí rọ́bà, ohùn mi kò já gaara. Wọ́n rò pé mò ń sọ ìsọkúsọ ni. Wọ́n lọ sọ fún dókítà pé mo lajú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ló ń jáde lẹ́nu mi.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti lọ sinmi, ọkọ mi wà lórí ìlà. Ìbùkún nìkan ló wà ní ìta. Dókítà pè é wọlé, ó ní kí ó múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Mo rí ọmọ mi. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀! Mo ní, "Ìbùkún, wọ́n kọ̀, wọn ò fún mi lómi."

Ó fò sókè! "Doctor! Na Yoruba she dey speak! She talk say una no give her water!"

Dókítà ní kó bi mí ní ìbéèrè, kó sì ní kí n ṣe àwọn nǹkan kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo ń gbọ́ ọ yé. Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ ní Pidgin, bó ṣe mọ́ ọn lára. Mo kàn ń wò ó ni. Ẹ rántí pé ọmọ yìí kò sọ odindi gbólóhùn Yorùbá kan rí láyé rẹ̀. Ó la ẹnu, ó ń wá ọ̀rọ̀, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mummy... ẹ... ẹ gbé ọwọ̀ yín sókè."

Ọwọ̀! Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo ní, "Ọwọ̀ wo? Ṣé ilẹ̀ ni mo wá gbá níbí ni?"

Ìbùkún bú sẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún, ó so méjèèjì pọ̀. Dókítà ń bi í pé, "What did she say? What did she say?" Nígbà tó yá, ó ní, "I tell her make she raise hand. I no call am well. She say which broom!"

Wọ́n ní dókítà yẹn, tí kì í rẹ́rìn-ín, pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ àṣìṣe ohùn, tó sì tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ń bẹ láàyè. Ìbùkún tún un sọ, ó fi ìka tọ́ka sí ọwọ́ ara rẹ̀, mo bá gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Ariwo tó sọ ní wọ́ọ̀dù! Ọkọ mi gbọ́ ọ láti ibi tó tò sí, ó fi ìlà sílẹ̀, ó sáré wá, ó rò pé mo ti kú. Ó wọlé, mo ní, "Bàbá Ìbùkún, kí ló dé tí ojú yín dọ̀tí báyìí?" Ó gbá ẹsẹ̀ mi mú.

Dókítà sọ ohun tó fà á fún wa. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, bí iyọ̀, tí ọkàn fi ń lù. Oògùn ìtọ̀ àti tíì ìfọnú ti gbé gbogbo rẹ̀ jáde lára mi. Oògùn ìtọ̀ kì í ṣe ọ̀tá o, ẹni tí dókítà bá fún kó máa lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Ẹni tó fún ara rẹ̀ bíi tèmi, tó tún fi ìfọnú kún un, ni mò ń kìlọ̀ fún.

A délé, iṣẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní tan yín jẹ, ó nira. Egungun ìhà mi ti sán níbi tí wọ́n tẹ̀, bí mo bá wúkọ́, omi á dà lójú mi. Ìbùkún ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́, mo ní, "Bí èyíkéyìí bá kù tí o kò ṣẹ́, wá ṣẹ́ ẹ!" Mo máa ń bínú láìnídìí. Ẹ̀rù oorun ń bà mí, mo rò pé bí mo bá sùn, ọkàn á tún dúró. Mi ò lè rántí nǹkan. Màá bèèrè pé, "Kí ló ṣe mí?" wọ́n á sọ fún mi, kí tíì wọn tó tutù, màá tún bèèrè. Ọkọ mi kò sọ rí pé, "Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́." Á tún un sọ bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin olùtọ́jú, ẹ fún aláìsàn yín ní ẹ̀bùn yẹn.

Ẹ sì tọ́jú ara yín. Ìbùkún tó ṣe akin, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ohun kan bá jábọ́ nínú ilé, á sáré wá gbé etí lé àyà mi. Dókítà ló ní kí òun náà rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ó sì ṣe é lóore.

Títí dìgbà náà, Yorùbá nìkan ni mò ń sọ. Bí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì, Ìbùkún ni ògbufọ̀ mi. Kò sí bí kò ṣe ní sọ ọ́, nítorí mi ò gbọ́ nǹkan míì. Àǹtí Bọ́sẹ̀ jókòó tì í bí tíṣà, ó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe, àwa mẹ́ta sì ń rẹ́rìn-ín títí ìhà mi á fi máa dùn mí.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti ọkọ mi di ara wa lọ́wọ́ mú, à ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà ní Iyaro. Òjò ti rọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sáré kọjá, ó sì da ẹrẹ̀ sí mi lára láti ẹsẹ̀ dé àyà. Mi ò mọ ìgbà tí mo yíjú. Mo ní, "You dey craze? You no get eye? See as you spoil my cloth!"

Ọkọ mi dúró gbagidi. "Kí lo sọ?"

Èmi náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà, ọkùnrin náà dúró, ó ti ń bẹ̀bẹ̀, ó rò pé wọ́n fẹ́ lu òun. Bàbá Ìbùkún wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó ń fò sókè pẹ̀lú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Thank you! My brother, thank you! God go bless you!" Ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ṣe títí di òní.

Báyìí, mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò rán aṣọ tó ti tẹ́lẹ̀, tó bá rẹ̀ mí, mo ń sinmi. Mo ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nígbà tí wọ́n bá ní kí n wá, ọkàn mi sì ń lù déédéé. Orúkọ àwọn oníbàárà kan ṣì máa ń sá fún mi, màá wulẹ̀ pè wọ́n ní "màmá" ni. Gẹ̀ẹ́sì ti padà, Pidgin ti padà tayọ̀tayọ̀.

Ìbùkún ti padà sí Ekiadolor. Ó pè mí ní àná, mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní, "Mummy, ẹ káàsán o. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ ti lo oògùn yín?"

Mo ní, "I don chop, my pikin. I don take am."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, Yorùbá ni kí ẹ bá mi sọ."